Mo gbé kóńgò kan láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu

Ọjọ́ Ajé: Abẹ́òkúta sí Ìmẹ̀kọ

Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù tí mo fi dé gáréèjì. Ọkọ̀ kò tètè kún, mo bá jókòó ti oníàkàrà, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù: páálí bisikíìtì, àpò ìyẹ̀fun, bàsíà oníke tí wọ́n kì bọ inú ara wọn títí ó fi ga ju ènìyàn lọ. Mo bi awakọ̀ bóyá Ayétòrò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ó ní, "Ayétòrò kẹ̀? Ọjà Kétu ni. Ọ̀tunla ni wọ́n ń ná an."

Kétu yẹn náà, èyí tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni èmi ń lọ. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, a máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n pé ọmọ Kétu làwọn. Bẹ́ẹ̀ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí wọn sí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í yé mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kun Nàìjíríà. Ibi tó yẹ kí Kétu wà, funfun báláú ni wọ́n fi sílẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí.

Láti Ayétòrò lọ, eruku pupa ló gba ọ̀nà. Oko ẹ̀gẹ́, oko kajú, poroporo àgbàdo tó ti gbẹ. Ọ̀sán gangan ni a wọ Ìmẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìlú yìí nítorí ìjọ Sẹ̀lẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n sin olùdásílẹ̀ ìjọ náà, S. B. J. Oshoffa, sí ní ọdún 1985, ibẹ̀ sì ni àwọn aláṣọ funfun ń rọ́ lọ nígbà Kérésìmesì láti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti ibi gbogbo. Àjàṣẹ́, tí Faransé ń pè ní Porto-Novo, ni Oshoffa ti dá ìjọ sílẹ̀ ní 1947, ṣùgbọ́n ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá tó bí i. Ìjọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ibodè kankan.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìmẹ̀kọ ni mo sùn. Ọmọ àbúrò màmá àgbà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀, wọ́n di orí mi mú, wọ́n wo ojú mi pẹ́, wọ́n ní, "Iwájú orí ẹ̀gbọ́n ìyá mi rèé." Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Kétu ni mò ń lọ, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé kóńgò kan jáde, onírin, tuntun, tí etí rẹ̀ ń dán.

"Bá mi gbé e fún àbúrò mi. Gààrí ló ń tà. Ìdí kóńgò tiẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, àwọn oníbàárà tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ ń sọ pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Àbúrò mi kì í rẹ́ni jẹ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìlárá

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ìlárá. Ìlú kan ni, orílẹ̀-èdè méjì ló ni ín. Mo ti ń retí odi, tàbí ó kéré tán, wáyà. Àwọn ilé alámọ̀ àti ilé búlọ́ọ̀kù ni mo rí, ewúrẹ́, kànga, àti ìyá kan tó ń sá láfún lórí tapólì. Ọlọ́kadà ló nawọ́ fi ìlà náà hàn mí: "Láti ẹ̀yìn ilé yẹn, Bẹ̀nẹ̀ ni." Àwọn ọmọdé méjì sáré gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn táyà tí wọ́n ń yí.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris pé ìlà kan ni kó pín ilẹ̀ yìí láti etí omi lọ sókè. Ìlà náà gé ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì wà lójú ọ̀bẹ. Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ní ọdún náà, ahoro ni Kétu wà. Ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ láti 1886, wọ́n ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Onílé kò sí nílé nígbà tí wọ́n pín ilé rẹ̀.

Ní òdìkejì mo wọ táksí àtijọ́ kan. Mẹ́ta jókòó níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ mi. Àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní 1979 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Síbẹ̀, kí a tó dé Kétu, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó fi igi dábùú ọ̀nà gba owó lọ́wọ́ mi, láìfún mi ní ìwé kankan. Obìnrin tó jókòó tì mí ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Òun náà sanwó kó tó lè dé ilé ọmọ rẹ̀. Ó ti di owó sí etí ìró kí a tó dé ibẹ̀, ó ti kà á sílẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọkọ̀. Inú bí mi gan-an, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

Níbi igi kẹta, wọ́n ní kí n yọ ohun tó wà nínú àpò. Ọkùnrin náà gba kóńgò, ó yí i sókè yí i sódò, ó fi ìka kàn án nídìí.

"Ọjà ni?"

"Rárá, sà. Ti Ìyá ni."

Ó tún un wò, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ẹ kí wọn."

Ìyá Kétu ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo nawọ́ kóńgò sí wọn kí n tó kúnlẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbá a mọ́ àyà.

Ọjọ́rú: ọjọ́ ọjà

Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Kétu, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ kẹrin òní ni wọ́n tún ń ná an, bí òyìnbó bá ń kà á. Yorùbá ka òní mọ́ ọn. Láti òru ni àwọn ọkọ̀ ti ń wọlé. Nígbà tí èmi àti Ìyá fi dé ìsọ̀ wọn, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, síbẹ̀ ọjà ti ń hó.

Etí mi ló kọ́kọ́ jẹun níbẹ̀. Yorùbá Kétu, Fọ̀n, Gùn, Haúsá àwọn oníṣu àti alálùbọ́sà, Fúlàní àwọn oníwàràǹkàṣì, Faransé díẹ̀ láàárín. Ohun tí àwa ń pè ní kọ́sítọ́ọ̀mù, dúwáànì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kadà wa, sẹ́mìjáàn ni tiwọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ bù ú kún un," "Owó kò gbà," "Ẹ máa gbé e lọ, ẹ̀yin lẹ ra àkọ́rà." Ọmọ Màhí kan, ẹ̀yà mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀, tó ń ta ata sọ fún mi pé abẹ́ àpótí ìyá òun lòun ti kọ́ Yorùbá, nínú ọjà yìí.

Àwọn ọjà tí mo rí lórí ọkọ̀ ní Abẹ́òkúta ti dé: bàsíà oníke, bisikíìtì, ọṣẹ. Ohun tó ń bá wọn pàrọ̀ ni àgbàdo, ẹ̀wà, gààrí, epo pupa, àti àwọn ẹrù tó ń ti Kùtọ̀nú gòkè: ìrẹsì, òróró, aṣọ àǹkárá. Náírà àti sẹ́fà, owó Bẹ̀nẹ̀, jọ ń jáde nínú àpò kan náà. Ìyá kò ní ẹ̀rọ ìṣirò. Oníbàárà á ní òun fẹ́ kóńgò mẹ́fà, òun á fi náírà san, Ìyá á gbé ojú sókè díẹ̀, á sì dárúkọ iye náà. Mo ń bá wọn ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a kò ṣe déédéé, èmi ni mo sì ṣì í.

Ìsọ̀ wọn ní òṣùwọ̀n méjì. Tóńgólò wà fún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, kóńgò wà fún àwa. Tóńgólò kéré. Owó wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló sì mọ èyí tí ojú rẹ̀ mọ̀. Ìyá á ti kóńgò wọnú òkìtì gààrí, á yọ ọ́ ní kíkún, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ òsì ṣe ọgbà yí etí rẹ̀ ká, á máa fi ọ̀tún bù lé e títí ó fi ṣe ṣónṣó. Ọwọ́ tó ṣe ọgbà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí ọwọ́ bá súnmọ́ inú, gààrí á tètè ya lulẹ̀. Bí ó bá gbòòrò, oníbàárà á jẹ èrè. Ọwọ́ Ìyá gbòòrò. Lẹ́yìn èyí, èènì. Àwọn obìnrin tó ń ti Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò wá gbé kóńgò tuntun náà wò, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́ nídìí, wọ́n rí i pé ó tẹ́jú. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Ìyá, ọkàn wa balẹ̀ wàyí."

Lọ́sàn-án, mo bi àwọn ìyá tó wà ní ìsọ̀ náà nípa ọdún tí wọ́n ti ibodè. Kò sí ẹni tó nílò kí n ṣàlàyé ọdún wo. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti í. Ní oṣù Kọkànlá wọ́n tún fòfin dè é pé kí wọ́n má ṣe gbé epo pẹ́tírólù dé ibùdókọ̀ epo kankan tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí ẹnubodè mẹ́rin, Ìdí-Ìrókò tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò sí lára wọn. Oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n ṣí ìyẹn. Alátòmátì kan sọ pé apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá ló jẹrà mọ́ òun lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ oko tí ó ti rà wọ́n. Ẹlòmíràn ní ẹ̀gbọ́n òun kú ní Ìlárá lápá Nàìjíríà, igbó ni àwọn gbà lọ sin ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ìsọ̀ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn tó ń ta epo Nàìjíríà nínú ìgò àti agolo lẹ́bàá ọ̀nà, kpàyó ni wọ́n ń pe ọjà wọn. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, èrè ibẹ̀ ti já. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi ìgò rẹ̀ hàn mí, ó ní tẹ́lẹ̀ òun a máa tà wọ́n tán kí oòrùn tó mú.

Fàyàwọ́ ni a ń pe irú òwò yìí nílé. Àwọn kan wà tó ń kó ìbọn àti oògùn olóró, mi ò gbè sẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti Ìyá láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Lórí àpótí ni wọ́n jókòó sí, ẹ̀yìn wọn gún ṣánṣán. Gààrí tí wọ́n ń tà, ọ̀nà tí ìyá ìyá wọn gbà ló gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà náà sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà lé e lórí.

Ọjọ́bọ̀: Ìdènà

Lónìí mo lọ wo Ìdènà, ẹnubodè ìlú Kétu. Àkàbà Ìdènà ni wọ́n ń pè é. Ìtàn sọ pé Alákétu Sà ló mọ odi yí ìlú ká, tó sì gbẹ́ yàrà sí ìta rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan yìí péré. Ilé ni ẹnu ọ̀nà náà: ènìyàn á wọ ìloro kan, á rí àgbàlá kékeré, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan ìlẹ̀kùn tó wọ ìlú gan-an. Pákó ìlẹ̀kùn náà nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Epo pupa ti wọ̀ ọ́ lára lápá ìsàlẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, torí wọ́n ṣì ń bọ ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó tutù, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn gan-an níta.

Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ fún mi bí orúkọ ìlú ṣe jẹ́ ìbéèrè: ta ló lè na iké abuké, ta ló sì lè tú ìlú yìí ká? Ó sọ bí Alákétu Èdè ṣe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àró wá síbí. Ó dárúkọ ìdílé márùn-ún tó ń jọba, Aláàpíní, Magbó, Àró, Mẹ̀sà àti Mẹ́fù, láìsinmi, bí ẹni ń ka ẹsẹ Ifá. Ó ní ní 1853, Àjàyí Crowther gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé, Alákétu sì gbà á lálejò.

Nígbà tó dé orí 1886, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní ogun kò já Ìdènà. Àwọn Dàhòmì dó ti ìlú títí oúnjẹ fi tán, ebi wọ inú ilé, lẹ́yìn náà ni ẹ̀tàn ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó ènìyàn lọ. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá láti Àgbómẹ̀, wọ́n sì fi Oyèngín jẹ Alákétu ní 1894. Inú koríko ni wọ́n ti wá ojú ilé bàbá wọn.

Mo bi bàbá bóyá àlejò ń wá. Ó ní wọ́n ń wá, pàápàá láti Bàhíà ní Brazil. Púpọ̀ nínú àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń pe ara wọn ní ìran Kétu títí di òní, torí àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n tà sókè òkun; wọ́n sì mọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu. Ó ní obìnrin kan láti ibẹ̀ fi iwájú orí kan ìlẹ̀kùn yìí, kò sì lè dìde fún ìgbà pípẹ́. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ní orin tó ń kọ lòun gbọ́.

Lálẹ́, bí a ṣe ń jẹ láfún àti ọbẹ̀ ilá, mo bi Ìyá Kétu ní ìbéèrè tí mo ti gbé wá láti Abẹ́òkúta: kí ló dé tí màmá àgbà fi ń sọ pé ọmọ Kétu làwọn nígbà tó jẹ́ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí wọn sí?

Wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n sọ ọ́. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Faransé ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun. Ojú Alákétu Oyèngín ti fọ́ nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀, Alábá Ìdá, ni Faransé gbé agbára lé lọ́wọ́ láti nǹkan bí 1911, òun náà sì ní láti wá owó orí àti ọmọ ogun fún wọn. Ìlú kórìíra rẹ̀ nítorí èyí. Àwọn ènìyàn ń sá lóru, wọ́n ń gba ibi tí Gẹ̀ẹ́sì wà lọ, ọ̀pọ̀ wọn ní agbo ilé agbo ilé. Bàbá màmá àgbà wà lára wọn. Aṣọ àti irúgbìn ni ó gbé. Ìmẹ̀kọ ló dúró sí, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀, torí Kétu náà ni Ìmẹ̀kọ ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bí àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé, "Ẹ̀bá ọ̀nà ni a wà yìí."

"Nígbà tí ọkọ fẹ́ mi wá síhìn-ín," Ìyá sọ, "bàbá ìyá mi ti darúgbó. Ó ní kí n mú erùpẹ̀ Kétu wá fún òun. Mo mú un lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé, ó ti kú ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Orí ibojì rẹ̀ ni mo dà á sí."

Mi ò lè jẹun mọ́. Ìyá bu omi fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò tí kò yẹ kó rọ̀ ní àkókò yìí rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ gba ojú ọ̀nà. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ agbẹ́gi kan tó ń gbẹ́ ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ogún ẹ̀dá ní 2001 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ó ń gbẹ́ obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ ọjà. Ó ní àwọn ìyá ni a ń bẹ̀, inú ọjà ni a sì ti ń bẹ̀ wọ́n, torí ibẹ̀ ni àṣẹ wọn wà. Mo ronú nípa ọwọ́ Ìyá tó ń ṣe ọgbà yí etí kóńgò ká. Mi ò sọ ohunkóhun, mo jókòó, mo ń gbọ́ ìró àáké.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Kétu sí Ìmẹ̀kọ

Ìyá Kétu jí ṣáájú mi. Wọ́n ti wọn gààrí fún ẹ̀gbọ́n wọn sínú àpò funfun kan, wọ́n ti dì í. "Kóńgò kan ni. Sọ fún un pé kóńgò tó fi ránṣẹ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n." Wọ́n sìn mí dé ibi tí sẹ́mìjáàn dúró sí, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ fi mì.

Níbi igi kẹta, ọkùnrin ti ọjọ́ ìṣáájú kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, ó gba owó.

Nígbà tí mo dé Ìmẹ̀kọ, Ìyá kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n gbé kóńgò tiwọn jáde, ìkejì èyí tí mo gbé lọ. Àgbẹ̀dẹ kan náà ló rọ méjèèjì. Wọ́n tú àpò, wọ́n dà á sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kún. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣe ọgbà, wọ́n bù lé e títí ó fi ṣe ṣónṣó. Gààrí ṣì wà nísàlẹ̀ àpò.

"Wò ó," wọ́n ní, "ó fi èènì sí i."

Wọ́n gbọn èyí tó kù sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ní gbígbẹ, lórí ìdúró.